Osùn Àlùkò Lẹ́nu Ọ̀nà Alákàn

Bóyá ẹ ti rí i rí. Ẹnìkan jókòó sílé ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ojúlé kan sórí ayélujára, kí ẹbí àti ọ̀rẹ́ lè máa bá a níbẹ̀. Kò ja ẹnikẹ́ni lólè, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó jí lọ́jọ́ kan, ó rí i pé àwọn tí gbogbo ayé ń bi lọ́nà ti lẹ pátákó pupa mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ má wọlé o, gbájúẹ̀ ni wọ́n!" Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń sunkún, ẹ sọ fún un pé òun kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Wọ́n ti ṣe é fún Alákàn tipẹ́tipẹ́.

Ẹ súnmọ́ mi, kí n sọ bó ṣe rí.

Nígbà láéláé, nígbà tí ìgèrè tí apẹja fi ń dọdẹ ẹja ṣì ń fọhùn bí ènìyàn, ojú Alákàn wà nínú orí rẹ̀ bíi ti gbogbo ẹranko. Kò yọ síta rárá.

Inú ilé Ọ̀nì ni gbogbo ẹ̀dá etí odò ń gbé nígbà náà. Ilé ńlá ni, ó tutù, àyè sì gba gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Ọ̀nì a máa tú ẹrù oníẹrù wò. Ó mọ ohun tí Ọ̀pọ̀lọ́ jẹ sùn, ó mọ iye ẹyin tí Ẹja Àrọ̀ yé. Bí ẹnikẹ́ni bá kùn, Ọ̀nì á kàn la ẹnu gbàgà kí onítọ̀hún lè rí eyín rẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Alákàn bí ọmọ méje sínú ilé náà. Ó wo àwọn ọmọ, wọn kò ju hóró yànmọ̀tí lọ. Ó wo eyín Ọ̀nì. Kíá ló di àwọn ọmọ náà sínú ewé, ó ní kí wọ́n gbé wọn lọ sí òkè odò, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, kí wọ́n dàgbà níbẹ̀.

"Èmi ń lọ gbẹ́ ilé tèmi," ó wí fún Ọ̀nì. "Bó kéré bí ihò abẹ́rẹ́, èmi ni n ó ni ín."

Ọ̀nì rẹ́rìn-ín. "O mọ ilé é gbẹ́ ni?"

Kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ọ̀kẹ́tẹ́ ló kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn kì í sọ ohun tó dára nípa Ọ̀kẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ilé gbígbẹ́, ẹ jẹ́ kí á fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òun ló rí ọgbọ́n pé kí á tẹ ọ̀fun ihò díẹ̀ kí oòrùn má baà dé ìsàlẹ̀. Òun náà ló rí i pé kí á fi amọ̀ mọ ètè yí ẹnu ihò ká, kí àgbàrá má baà ya wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá wá ni Ọ̀kẹ́tẹ́ ń kọ́, kò sì gba kọ́bọ̀.

"Ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ," ó máa ń wí. "Ẹni tó bá rí ọgbọ́n tó ju èyí lọ, kó padà wá kọ́ èmi náà."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ihò etí odò ṣe wá jọra bí ọmọ ìyá. Oṣù mẹ́ta ni Alákàn fi gbẹ́ tirẹ̀, ó gbẹ́ ẹ títí ó fi kan ilẹ̀ tó ń sun omi. Nígbàkúgbà tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀kẹ́tẹ́, á dúró, á ní, "Ẹ ṣeun o, Bàbá Ọ̀kẹ́tẹ́. Ẹ ṣeun gan-an ni." Ó kí i títí Ọ̀kẹ́tẹ́ fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun sùn.

Nígbà tí ilé náà parí, ó ránṣẹ́ sí òkè odò: "Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kí àwọn ọmọ mi máa bọ̀. Mo ti ní ilé. Kí wọ́n bi Àlùkò lọ́nà."

Ìdí tó fi ní kí wọ́n bi Àlùkò nìyí. Àwọn apẹja ti ṣàkíyèsí pé bí ẹ̀dá odò bá ti rí ètè amọ̀, ọkàn wọn á balẹ̀. Ni àwọn náà bá lọ ń mọ ètè amọ̀ sí ẹnu ìgèrè, wọ́n ń ri ín mọ́ etí odò. Ìgèrè á wá máa fi ohùn ìyá ẹni pe'ni láti inú: "Wọlé, ọmọ mi. Sọ orúkọ rẹ kí n ṣílẹ̀kùn." Ẹni tó bá sọ orúkọ, tó sì wọlé, kò tún sí ẹni tó máa rí i mọ́.

Ọ̀fọ̀ pọ̀ létí odò lọ́dún náà. Ni gbogbo wọn bá kó ara wọn jọ, wọ́n tọ Àlùkò lọ. Àlùkò ló ń fò, tó ń rí odò láti orísun dé òkun. Òun ló sì ni osùn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn máa fi osùn kun ẹnu gbogbo ìgèrè, kí ọmọdé lè rí i láti òkèèrè kó yà fún un.

Àlùkò gbà. Ká sọ òdodo, ó ṣe iṣẹ́ náà bí iṣẹ́. Ẹ̀mí tó gbà là kò níye. Láìpẹ́, kò sí ẹni tó ń rìn létí odò tí kò kọ́kọ́ ní "Bàbá Àlùkò, ọ̀nà wo ni kí n gbà?"

Ṣùgbọ́n odò gùn, Àlùkò kan ṣoṣo ni. Nígbà tó yá, kò bà sílẹ̀ mọ́. Òkè ló ti ń wò. Ihò tó bá ti pẹ́, tí èrò ń wọ̀, tí èrò ń jáde níbẹ̀, yóò fi í sílẹ̀. Ihò tó bá jẹ́ tuntun, tó ní ètè amọ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń wọ̀ ọ́, yóò da osùn lé e, yóò sì máa fò lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ ro ó wò, irú ihò wo ni ti Alákàn.

Alákàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ jáde, ó rí i pé ẹnu ọ̀nà òun pọ́n. Ó kọ́kọ́ rò pé ìtànṣán oòrùn ni. Ó fọwọ́ kàn án, ó yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Osùn ni!

Ó ké sí Ọ̀pọ̀lọ́ tó ń kọjá lọ. Ọ̀pọ̀lọ́ tó ń kí i láràárọ̀ wo osùn, ó fò sẹ́yìn, ó gba inú igbó lọ láìwo ẹ̀yìn. Ojú ti Alákàn bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú ìkòkò ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Òfin Àlùkò ni pé ẹni tí wọ́n bá ṣì kun osùn fún kí ó lọ sọ ọ́ sínú ihò igi Àràbà, òun yóò gbọ́ bí àyè bá yọ. Alákàn rìn dé ìdí Àràbà. Ó ki ẹnu bọ inú ihò igi.

"Bàbá Àlùkò, ẹ jọ̀ọ́, ilé mi kì í ṣe ìgèrè. Èmi Alákàn ni mo gbẹ́ ẹ."

Ohùn kan dáhùn láti inú igi, "A ti gbọ́. Ẹ máa retí."

Ó lọ lọ́jọ́ kejì. "A ti gbọ́. Ẹ máa retí." Ó lọ lọ́jọ́ kẹta. "A ti gbọ́." Ọjọ́ yẹn, kò tilẹ̀ ní kó máa retí mọ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó jí, ó rí i pé wọ́n ti fọ osùn náà nù. Ẹ ò rí ijó! Alákàn jó yí ilé ká, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlùkò, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ igi Àràbà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, osùn ti padà síbẹ̀, ó sì tún ki ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àlùkò ti tún kọjá, ó ti tún rí ihò tuntun tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀. Báwo ni wọn yóò ṣe wọ̀ ọ́? Osùn ni kò jẹ́ kí wọ́n wọlé, àìwọlé wọn ló sì ń fa osùn wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé. Odò fà sẹ́yìn, iyanrìn gbóná bí agbada. Ìròyìn dé láti òkè odò pé omi ti tán níbẹ̀, àwọn ọmọ ti gbéra, wọ́n ń bọ̀ sílé ìyá wọn.

 Alákàn rántí ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́: kí wọ́n bi Àlùkò lọ́nà. Kí ni Àlùkò yóò sọ fún wọn? Ọmọ alákàn tí kò bá rí ilẹ̀ tútù wọ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí, ó tán nìyẹn. Ó mú iyanrìn, ó ń ha osùn náà, ó ń ha á. Osùn kò lọ; ẹni tó kùn ún nìkan ló lè nù ún.

Òwúrọ̀ ni àwọn ọmọ náà dé. Méje ni wọ́n, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, eruku ti bò wọ́n. Èyí tó ṣíwájú ní ìka ẹsẹ̀ kan tó lé, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Olúgbódi ni.

"Ọmọ mi! Ẹ káàbọ̀! Ẹ tètè wọlé!"

Àwọn ọmọ fò sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ má dá a lóhùn o!" Olúgbódi kígbe. "Ṣé ẹ rí osùn yẹn? Bàbá Àlùkò ti sọ fún wa. Ìgèrè ló máa ń fi ohùn ìyá ẹni pe'ni."

"Olúgbódi, èmi ni. Èmi ni mo bí ọ, mo rí ìka ẹsẹ̀ rẹ tó lé, ìyẹn ni mo fi sọ ọ́ ní Olúgbódi."

"Ẹ ò gbọ́? Ó ti mọ orúkọ mi!" Olúgbódi na ọwọ́ dí ọ̀nà mọ́ àwọn yòókù. "Orúkọ ẹni ni wọ́n ní ìgèrè máa ń wá, ó ti rí tèmi gbà!"

Alákàn kò lè fara dà á mọ́, ó yọ jáde. Ọmọ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní hóró yànmọ̀tí, ibo ni yóò ti mọ ojú rẹ̀? Wọ́n rí ọwọ́ ńlá méjì tó yọ láti inú osùn, wọ́n sì fọ́n ká sórí iyanrìn gbígbóná. Ọ̀kan ṣubú, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, àwọn yòókù ní láti padà wá yí i dìde.

Ni Alákàn bá yára padà sínú ihò. Bí òun bá jáde, wọn yóò sá sínú oòrùn. Bí òun kò bá jáde, wọn yóò dúró síbẹ̀ títí wọn yóò fi gbẹ. Ó wà nínú ilé tó gbẹ́ fún wọn, omi ń bẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń gbọ́ tí òùngbẹ ń mú kí ohùn wọn há. Ó sunkún. Ojú rẹ̀ nìkan ló lè gbé sókè, ó ń gbìyànjú láti rí orí wọn lókè ètè amọ̀.

Ìgbín wà lábẹ́ gbòǹgbò igi kan nítòsí. Ẹ mọ ìṣe Ìgbín: bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, yóò fi ilẹ̀kùn funfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, yóò sùn títí òjò yóò fi rọ̀. Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn láti ṣí i, nítorí ẹni tó bá ṣí i, oòrùn lè fà á gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹkún Alákàn dé etí rẹ̀ lójú oorun. Ó rántí pé nígbà tí obìnrin yìí ń gbẹ́lẹ̀, ó bá òun níbẹ̀ tí òun ń sinmi, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ òun gbẹ́ ẹ lọ láìyọ òun lẹ́nu.

Pá! Ìgbín fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ó wí, "ẹni tó bá wọ inú ìgèrè, kí ni í ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Kì í jáde mọ́, bàbá," ni Olúgbódi dáhùn.

"Bí èmi bá wọ ibẹ̀ yẹn, tí mo sì jáde ńkọ́?"

Àwọn ọmọ wo ara wọn. "A jẹ́ pé kì í ṣe ìgèrè nìyẹn."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró dè mí."

Alákàn pariwo láti inú ihò, "Bàbá Ìgbín, ẹ padà! Oòrùn máa pa yín!"

"Pa ẹnu mọ́, ọmọ yìí. Láti ìgbà tí mo ti ń sùn, ó tó gẹ́ẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ẹ̀yin náà mọ ìrìn Ìgbín. Oòrùn kúrò lórí igi ọ̀pẹ, ó gòkè, Ìgbín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀bá ètè amọ̀. Ibẹ̀ ni Àlùkò ti fò kọjá, tó rí i.

"Bàbá Ìgbín! Ẹ dúró! Ṣé ẹ ò rí osùn ni?"

"Mo rí i. Ta ló fi síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"O wọ inú rẹ̀ wò?"

Àlùkò fò yí ká lẹ́ẹ̀kan kó tó dáhùn. "Mo wò ó láti òkè."

"Èmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń wò láti òkè," ni Ìgbín wí. "Ìsàlẹ̀ ni mo ń gbé." Ó sì wọlé lọ.

Ojú Àlùkò wá bọ́ sórí àwọn ọmọ méje náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn lójú ọ̀nà pé kí wọ́n má wọ ibí. Bó bá jẹ́ pé àṣìṣe ni ńkọ́? Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó bà sílẹ̀, ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi ṣíji bo àwọn ọmọ náà.

Nínú ilé, Alákàn fi ara lélẹ̀ pẹrẹsẹ kí Ìgbín lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ó wù ú kó sọ pé "Ẹ yára," ṣùgbọ́n ta ní í sọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbín? Ìgbín sọ̀kalẹ̀ dé ibi omi, ó mu, ó yíràá nínú ẹrẹ̀ tútù, ó yí ara padà díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀.

Alákàn kò gbé ojú kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń ka orí wọn lábẹ́ ìyẹ́ Àlùkò. Méje. Ó tún un kà. Méje. Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó rí mẹ́fà, nítorí ọ̀kan ti dùbúlẹ̀. Ó na ojú sókè kó lè rí èyí tó dùbúlẹ̀. Òmíràn tún dùbúlẹ̀, ó tún nà án. Ojú rẹ̀ dé ètè amọ̀, ó kọjá osùn, ó ń dùn ún gan-an, kò dáwọ́ dúró. Ó ń nà án, ó ń nà án, títí ó fi rí àyà ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ń lọ sókè sódò.

"Bàbá yẹn ti kú," ni Olúgbódi wí, ó sì bú sẹ́kún. "Nítorí wa ló ṣe kú."

Ìwo méjì ló kọ́kọ́ yọ. Wọ́n tutù, wọ́n ń dán. Lẹ́yìn náà ni orí, lẹ́yìn náà ni ìkarahun, ẹrẹ̀ tútù ń kán lára rẹ̀ tó, tó, tó sórí iyanrìn gbígbẹ. Ipa ìtọ́ rẹ̀ jẹ́ méjì lórí osùn náà, ọ̀kan wọlé, ọ̀kan jáde.

Olúgbódi fi ìka kan ẹrẹ̀ náà, ó fi kan ètè.

"Omi ni," ó wí jẹ́ẹ́. Ó wá kígbe, "Omi ni! Ẹ gbé àwọn tó dùbúlẹ̀! Ìyá wa ni!"

Wọ́n rọ́ gìrìgìrì kọjá lórí osùn, wọ́n wọlé. Alákàn kó wọn mọ́ra nínú òkùnkùn tútù náà, ó ń ka ẹsẹ̀ wọn.  Ọpẹ́ kún ẹnu rẹ̀ tó fi jẹ́ pé ìfófó nìkan ló ń jáde.

Àlùkò fi ẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tó ti fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀, ìrìn náà kò tilẹ̀ gún. Ó fi ìyẹ́ ara rẹ̀ nu osùn náà kúrò.

"Ìyá Alákàn," ó wí, "ẹ dárí jì mí. Mo sọ yín di ọ̀tá níbi tí ẹ kò ti jẹ̀bi. Díẹ̀ ló kù kí n pa yín lọ́mọ."

Alákàn gòkè wá. "Bàbá Àlùkò, ìgèrè mélòó ló wà láti òkè odò dé ibí?"

"Mẹ́ta."

"Ta ló sọ fún àwọn ọmọ mi kí wọ́n má wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Àlùkò wo ìyẹ́ rẹ̀ tó ti pọ́n fún osùn.

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin náà lẹ sì fi ìyẹ́ bò wọ́n. N ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín títí ayé. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀: kí ẹ tó da osùn sílé onílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bà sílẹ̀ wò."

Àlùkò ṣèlérí. Ó ń mú un ṣẹ, bó ti lè ṣe é tó. Odò ṣì gùn síbẹ̀, ó sì máa ń ṣì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti Ìgbín, àwọn ọmọ méje náà ń gbé ẹrẹ̀ tútù láti ìsàlẹ̀ ilé wá sí abẹ́ gbòǹgbò, wọ́n ń fi pa á lára, títí ó fi rí agbára mọ ilẹ̀kùn funfun mìíràn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tún jí òun. Bó ti ní kí wọ́n má jí i tó, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ara tù wọ́n tán, Alákàn fẹ́ fa ojú rẹ̀ padà sínú orí. Ojú kò lọ. Ó ti nà jù.

"Ìyá," ni Olúgbódi wí, "ẹ jẹ́ kí á wá ẹni tó máa bá yín tì í padà."

"Rárá o, ọmọ mi. Ojú tó sìn yín wọlé, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà."

Láti ọjọ́ náà ni ojú alákàn ti yọ síta lórí ọ̀pá kéékèèké méjì, tó sì fẹ́ràn láti máa gbé e sókè lẹ́nu ihò rẹ̀, tí ń wo òkè, tí ń wo ọ̀nà. Àwọn àgbà rí i, wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ojú náà kọ́kọ́ yọ, kì í ṣe orí ara rẹ̀ ló ń ṣọ́. Orí ọmọ méje ni.